Mo Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Gbogbo Èèyàn, Àfi Ọmọ Ìyá Mi

Bẹ́ ẹ bá dé ibi iṣẹ́ wa, tẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó mọ ọpẹ́ dú jù, èmi ni wọ́n máa nawọ́ sí. Àwọn kan á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo fọwọ́ ara mi fà á.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé ìwòsàn la máa ń fọ̀, èmi sì ni olórí àwọn tó ń ká a. Ẹni tí kò bá ṣe é rí á rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kó wá dúró nídìí tábìlì wa láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ká wá gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ńlá, èèyàn kan kì í dá a ká. Ẹnì kan á di igun méjì mú lápá ibí, ẹnì kejì á di igun méjì mú lọ́hùn-ún. Wọ́n á nà án, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á wá máa rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ á fi kan ọwọ́.

Ìyá wa ló kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní iṣẹ́ yìí, torí alágbàfọ̀ lòun náà. Ó sì ní òfin kan. Bí ọwọ́ bá ti kan ọwọ́, ẹni tó gba igun aṣọ gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ẹ ṣé, ọmọ ìyá mi." Ẹni tó fi lé e lọ́wọ́ á dáhùn pé, "Ká jọ pẹ́." Bá a bá gbàgbé, ìyá wa á tú aṣọ náà ká, á ní ká tún un ká. "Ṣé ẹni tó bá ẹ di apá kejì mú ò níṣẹ́ tiẹ̀ ni?" lohun tó máa ń sọ. Èmi ni àbúrò, torí náà èmi ni mo máa ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń fi lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, táwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ sì lé e jáde, ọ̀dọ̀ mi ló gbé báàgì kan ṣoṣo tó kù ú kù wá. Ó ní òun kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni. Ọmọ mi kékeré ò tíì máa rìn nígbà yẹn. Ìgbà tọ́mọ náà fi ń sáré kiri ilé, ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níbẹ̀, kò sì tíì sinmi.

Dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù lọkọ mi, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Èmi náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti jáde. Ta ló ń wẹ̀ fáwọn ọmọ? Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló ń gbọ́únjẹ, tó ń bu tèmi sínú ike, tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló mọ̀ pé ọmọ mi àgbà kì í lè sùn bí wọ́n bá paná? Kì í ṣe èmi.

Ọ̀gá wa, obìnrin ni, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Àmọ́ ó ní ìwà kan tí gbogbo wa fẹ́ràn. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, á ní ká dúró yí tábìlì ìkáṣọ ká, kí kálukú sọ ohun kan tó ń dúpẹ́ fún lọ́jọ́ yẹn kó tó lọ sílé. Ó ní ẹni tó bá gbé ìkanra lọ sílé, ìkanra náà ló máa gbé padà wá fóun lọ́la.

Àwọn kan á dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ò ro àwọn. Baba Áyọ́ọ̀nù, olórí àwọn tó ń lọ aṣọ, á dúpẹ́ pé òun ò jó aṣọ ẹnikẹ́ni. A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì túká.

Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀ débi pé a ò ráyè jẹun, ó kan obìnrin kan tí èmi àti ẹ̀ jọ máa ń ká aṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí kò sóhun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Bí kì í bá ṣe ti màmá yẹn ni, ilé mi ì bá ti di ààtàn."

Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yínmú. "Ìwọ ti ráyè," ló sọ. "Ẹni tó nírú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀, kí ló tún ń rẹ̀ ẹ́ fún?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó wá kàn mí. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ahọ́n mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rí i pé bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ mi ti já, ó sì ti rán an kí n tó wẹ̀ tán. Ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún nìyẹn. Àmọ́ mo wo ẹni tó yínmú yẹn, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Mo ní, "Èmi ò ní ìyá ọkọ, mi ò sì ní ìyá mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń fún mi lágbára láti máa dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ yìí náà, mo gbọ́únjẹ, mo wẹ̀ fọ́mọ, mo tún rán bọ́tìnnì aṣọ mi kí n tó jáde."

Ọ̀gá wa di ọwọ́ mi mú. "Ẹ gbọ́ obìnrin," ló sọ. "Ọpẹ́ gidi nìyẹn."

Mo ti jẹ ohun tó dùn láyé mi, ṣùgbọ́n kò séyìí tó dùn tó ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ń retí ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó ń kó mi nírìíra jù báyìí ni pé irọ́ náà ò ná mi ní nǹkan kan. Mi ò tiẹ̀ ní láti ronú. Bí mo bá délé, màá bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló ṣe lónìí. Inú ẹ̀ á dùn. Ó rò pé mo fẹ́ mọ̀ ni.

"Ọmọ ẹ kékeré lóun ò ní lọ síléèwé," ló sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Mo bá ní, ó dáa, àmọ́ bàtà ẹ ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà o, ó ní o ti gbàgbé òun. Ló bá fò dìde, ó lọ rẹ bàtà lẹ́kún."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàtà tó ń sunkún ti di tèmi nídìí tábìlì. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọ̀gá ní kí n tún un sọ.

Bí mo ṣe di Àdáṣe nìyẹn. Baba Áyọ́ọ̀nù ló fún mi lórúkọ náà, gbogbo ilé ìfọṣọ sì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Òun nìkan náà ló máa ń wò mí láti ìdí áyọ́ọ̀nù ẹ̀, á ní, "Àdáṣe, rọra o. Wọ́n ní àdáṣe ní í hunni."

Màá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n ráyè jàre. Àwọn tí ò lè dá a ṣe ló ń pa òwe yẹn."

Èmi náà lówe tèmi. Bẹ́nì kan bá ní òun ò rí ohun tóun máa dúpẹ́ fún, màá gba ọ̀rọ̀ sọ, màá ní, "Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni." Mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Olè ń pariwo olè.

Bí mo bá wá délé, ọpẹ́ ti tán lẹ́nu mi.

"O kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Báwo lọjọ́ ṣe rí?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Pẹ̀lẹ́. Oúnjẹ ṣì gbóná."

"Iyọ̀ tàná ti pọ̀ jù."

"Mo ti dín in kù."

Màá jókòó, màá jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́yìn àga, á máa fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò sómi lára ẹ̀. Mo rò pé abọ́ ló ń dúró dè. Torí náà, bí mo bá jẹun tán, màá ti abọ́ sí i, màá lọ bọ́ aṣọ. Ìgbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni mo tó mọ ohun tó ń dúró dè.

Ọkọ mi rí i. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí sínú yàrá. "Ṣé o máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ṣá?"

"Ọmọ ìyá mi ni. Òun náà mọ̀ pé mo mọrírì òun."

"Ta ló sọ fún un tó fi mọ̀?"

Mo pòṣé. Mo ní kó lọ wo táyà ọkọ̀ ẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ obìnrin méjì sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì. Ó pè mí sí ọ́fíìsì ẹ̀, ó ní kí n jókòó. Kì í sì í ní kéèyàn jókòó.

"Ẹni tó lè dá ilé ṣe, tó lè dá ọmọ tọ́, tí kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, irú ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe alákòóso níbẹ̀," ló sọ. "Oníwèé ìròyìn kan tún fẹ́ kọ̀wé nípa wa, mo sì ti sọ̀rọ̀ ẹ fún un. A máa wá sílé ẹ lọ́sàn-án Sátidé, kó lè yà ẹ́ ní fọ́tò níbi tó o ti ń dá a ṣe."

Ọ̀nà àbáyọ ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Mo lè sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi wà nílé o, òun ló ń ràn mí lọ́wọ́." Ojútì díẹ̀ ni, kò lè pa mí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ máa bá mi nílé."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó jọ̀ọ́ jáde nílé lọ́sàn-án.

Ó wò mí. "Àlejò ń bọ̀, o sì ní kí n jáde? Ta ló máa gbé omi fún wọn?"

"Èmi náà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"O lọ́wọ́ lóòótọ́," ló sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló kọ́kọ́ jí. Ó fọ kọ́tìnì, ó nu wíńdò, ó gbá ilé débi tí mo fi ní ó máa gbá ilẹ̀ lu. Ó fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wa ńlá, ó sá a sórí okùn. Ó kó àwọn ọmọ lọ sí lẹ́sìnnì, ó sì padà wá wẹ̀ kó lè máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ti wọ aṣọ tó dáa jù tó ní, ó ń wé orí lọ́wọ́ nínú pálọ̀, la bá gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti dé ṣáájú àkókò. Ọ̀gá wa ló síwájú, ọkùnrin oníròyìn tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn tẹ̀ lé e, Ẹlẹ́rìn-ín ló kẹ́yìn, ó ti ń rẹ́rìn-ín látẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ kú ilé, mà." Ó yíjú sí mi. "Ta nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí. "Ẹni tó máa ń bá mi nu ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, mà. Mo ń sanwó fún un. Torí yín ni mo ṣe ní kó wá lónìí."

Ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wé orí dúró sókè. Ó wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o, ó wò mí bí ẹni ń wo ilé tó ti gbé rí. Ó wá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó kí wọn. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí mi.

"Màdáámù, ṣé kí n gbé omi wá?"

Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun náà ló tún ń gbà mí sílẹ̀. Kí lèmi wá ṣe? Mo ní, "Gbé e wá." Èmi tí mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ" rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀rọ̀ sọ.

Oníròyìn jókòó, ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Lópin ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ báyìí, báwo lẹ ṣe máa ń rí nǹkan dúpẹ́ fún?"

Ẹ ò rí bí ẹnu mi ṣe ń lọ. Mo ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí àga yìí gan-an, màá ronú lórí gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ṣe látàárọ̀, màá sì dúpẹ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ti oúnjẹ. Mo sọ ti iná tí mi ò gbọ́dọ̀ pa lójú ọmọ mi àgbà, torí èmi náà ti wá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Sọ ti bàtà fún wọn." Mo sọ ti bàtà tó ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó gbé tíréè omi lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi tọ́mọ ti ń rẹ bàtà lẹ́kún, mo gbọ́ tí ife kan ife lórí tíréè náà. Mi ò wojú ẹ̀. Mo bá ìtàn náà dópin.

"Ó ku fọ́tò," oníròyìn sọ. Ó ti rí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì lórí okùn láti ojú wíńdò. "Ẹ jẹ́ ká ya yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ká ìyẹn, bí ẹ ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́."

Ẹlẹ́rìn-ín dìde láti bá mi di apá kejì mú. Oníròyìn ní rárá, kí màmá tó wà nílé dì í mú, kó lè jọ ti ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé tíréè sílẹ̀. Ó ká aṣọ náà wálẹ̀ lórí okùn, ó gbé e wọlé, ó fún mi ní igun méjì, ó gbé igun méjì tó kù, ó lọ dúró lódì kejì pálọ̀. A nà án. A gbọ̀n ọ́n. Mi ò ní láti sọ fún un ìgbà tó máa gbẹ́sẹ̀, òun náà ò ní láti sọ fún mi. Ẹsẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. A rìn pàdé ara wa, ọwọ́ ẹ̀ kan ọwọ́ mi, ó fi igun aṣọ lé mi lọ́wọ́.

Ẹnu mi ò bi mí léèrè. "Ẹ ṣé, ọmọ ìyá mi."

Kámẹ́rà dún ṣáá. Mo dúró pẹ̀lú igun aṣọ lọ́wọ́, mò ń retí "Ká jọ pẹ́." Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò sọ apá tèmi kí n má gbọ́ apá tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ọ́.

"Kí lo pè é?" ọ̀gá wa béèrè.

Oníròyìn sọ kámẹ́rà kalẹ̀. "Mo ti ń wò ó láti ẹ̀ẹ̀kan pé ẹ̀yin méjèèjì jọra," ló sọ. "Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí ni."

Ọ̀gá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Ẹ bi í," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Ohun tó bá pè mí ni mo jẹ́."

Ó tún ṣílẹ̀kùn fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Àmọ́ mo rántí ọ́fíìsì tó ń dúró dè mí ní ẹ̀ka kejì, mo rántí ọwọ́ ọ̀gá tó di tèmi mú, mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ti dúró nídìí tábìlì yẹn.

Mo ní, "Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, mà. Gbogbo ẹni tó bá ti bá mi ká aṣọ ni mo máa ń pè bẹ́ẹ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín. "O ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí," ló sọ. "Ojoojúmọ́ la jọ ń ká aṣọ. O ò tiẹ̀ kí mi pé o ṣé."

Kí n tó rí irọ́ mìíràn pa, àwọn ọmọ ti dé. Èyí kékeré sáré wọlé pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, bàtà náà ti lanu níwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá mi kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ èmi ìyá ẹ̀ kọjá, ó lọ dì mọ́ itan ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmá Àgbà, ó ń sunkún lóòótọ́ lónìí o! Ẹ wá bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó gba bàtà náà. "Gbé e wá, ọkọ mi," ló sọ. "Èmi ni mo mọ èdè ẹ̀." Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sínú yàrá, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Bẹ́ẹ̀ mo bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wa ní kí oníròyìn máa lọ dúró dè wọ́n níta. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá sàn kó pariwo. "Kì í ṣe pé o ní olùrànlọ́wọ́ ló dùn mí," ló sọ. "Kò sẹ́ni tí kò ní. Àmọ́ ojoojúmọ́ lò ń dúpẹ́ níwájú wa, o ò dárúkọ ẹ̀ rí. Lójú ẹ̀ náà, o tún sẹ́ ẹ. Mi ò lè fi òṣìṣẹ́ kankan sábẹ́ ẹ."

Ẹlẹ́rìn-ín ló gba ẹ̀ka kejì. Lọ́jọ́ tó gbà á, ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọlé tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ti bá ọmọ rán bàtà. Báàgì tó gbé wá lọ́jọ́ kìíní yẹn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kó aṣọ sí i. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú."

"Ẹ bínú, ẹ nà mí bẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ má lọ."

Ó ká búláòsì kan, ó tún tú u ká, ó tún un ká. "Mo ti mọ̀ tipẹ́," ló sọ. "Ọ̀kan lára àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi pàdé lọ́jà, ó ní mo jọ ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Àdáṣe níbi iṣẹ́ àwọn. Ó wá ròyìn fún mi bó o ṣe ń dá a ṣe. Mo ní ó dáa, jẹ́ kó fi gbayì níta, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Bó bá wálé, á rántí."

"Mo gbàgbé ni."

"Rárá. Ẹni tó gbàgbé ò ní máa bi mí lálaalẹ́ pé kí ni mo ṣe." Ó fa síìpù báàgì náà. "Mi ò ní kó o ròyìn mi fáyé, àbúrò mi. Ẹyọ 'ẹ ṣé' kan lálẹ́, ó tó mi. Mò ń dúró lẹ́yìn àga yẹn dè é, kì í wá. Ó wá jáde lónìí tán, o tún sáré gbà á padà lọ́wọ́ mi lójú wọn."

Mo sunkún títí. Ó bá mi nu ojú, àmọ́ ó lọ. Nígbà tọ́kọ mi dé, tó bá ilé bẹ́ẹ̀, ó gbé abọ́ tó dọ̀tí lórí tábìlì, ó lọ fọ̀ ọ́.

Wọn ò lé mi níbi iṣẹ́. Mo ṣì ń dúró yí tábìlì náà ká pẹ̀lú wọn nírọ̀lẹ́. Bó bá kàn mí, màá ní, "Mo dúpẹ́," wọ́n á sì yára kọjá sórí ẹlòmíì. Baba Áyọ́ọ̀nù ò pè mí ní Àdáṣe mọ́. Ó ní orúkọ náà ti ṣẹ.

Ó sì ṣẹ lóòótọ́. Èmi ni mò ń dáná báyìí, èmi ni mò ń wẹ̀ fọ́mọ. Bí mo bá fẹ́ ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wa, màá fi ilẹ̀kùn há apá kan, màá di apá kejì mú. Kì í gún. Ọmọ mi kékeré wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ ọ́n ká bíi ti Màmá Àgbà." Mo sọ fún un pé mo mọ̀.

Ìwọ tó ò ń ka ọ̀rọ̀ mi, mi ò fẹ́ kó o káàánú mi. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná. Ẹnì kan wà nínú ilé ẹ tó ń nu ọwọ́ gbígbẹ. Lọ sọ fún un lónìí kó o tó sùn, má sọ pé òun náà mọ̀.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà tí ara mi gbà á, mo lọ kí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tíì rí mi. Òun àti obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń ká aṣọ. Wọ́n rìn pàdé ara wọn, ọwọ́ kan ọwọ́.

"Ẹ ṣé, ọmọ ìyá mi," obìnrin náà sọ.

"Ká jọ pẹ́," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó rí mi, ó wá bá mi. Ó béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ọkọ mi. Ó fún mi ní bisikíìtì kí n mú un lọ fún wọn. Ó sìn mí dé géètì, ó ní kí n máa sinmi, pé mo ti rù. Kò sóhun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n ṣe fún àbúrò tí kò ṣe.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ ẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde, mo sọ ọ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an, ọmọ ìyá mi."

Mo dúró, mò ń retí.

Ẹ̀gbọ́n mi rọra yọ ọwọ́ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Kò tọ́pẹ́," ló sọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.